Lógò kọ́ ni wọ́n ń rà: ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá onígbọ̀wọ́ fún ọkọ̀ ìdíje

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó fún ẹgbẹ́ Formula Student, ìyẹn ìdíje tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ eré, ní yunifásítì wa níbí ní Midlands, àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A nílò £35,000 kí ọkọ̀ wa tó lè dé Silverstone, pápá eré ọkọ̀ tí ìdíje náà ti ń wáyé, ní oṣù keje. A ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ 180. Méjì péré ló dáhùn, àwọn méjèèjì ló sì ní rárá. Ọkùnrin kan wá kàn sí wa lórí LinkedIn, ó ní òun máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wá onígbọ̀wọ́, pé bí a bá san £900 ṣáájú, òun á rí i fún wa láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣé ká san án? Lẹ́tà mélòó ló yẹ ká tún kọ? Ibo lára ọkọ̀ ló sì yẹ ká tà lówó tó pọ̀ jù, imú ni àbí ẹ̀gbẹ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ má san kọ́bọ̀ fún un. Bí ẹ bá ti san án kí èsì yìí tó dé, ẹ pe bánkì yín lónìí, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la, kí ẹ sì sọ fún olùkọ́ tó ń mójú tó ẹgbẹ́ yín. Ìbéèrè kẹta irú èyí rèé tó dé ọ̀dọ̀ mi láti ìgbà tí ọdún ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, inú sì ń bí mi. Ẹni tó bá mọ ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ fún yín lówó kò nílò kó kọ́kọ́ gba £900 lọ́wọ́ ọmọ tó ń fi ẹ̀wà inú agolo jẹ búrẹ́dì lálẹ́. Mi ò sọ pé olè ni ọkùnrin yẹn o, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ohun tí mo lè sọ ni pé mi ò tíì rí ẹgbẹ́ kan tí irú wọn bá rí nǹkan tí ẹgbẹ́ náà kò lè fi fóònù ara rẹ̀ wá rí.

Mo ti wà nínú irú ẹgbẹ́ yìí nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Lónìí, ní ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà, orí tábìlì mi ni lẹ́tà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń balẹ̀ sí. Mo mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó ń tọrọ, mo sì mọ ohun tí ẹni tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ ń rò.

Nínú ìbéèrè mẹ́ta tí o bi mí, èyí tó dà bíi pé ó kéré jù, ti imú ọkọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ni mo fẹ́ dúró lé, nítorí òun ló bí méjì yòókù. Ẹ ti gbà lọ́kàn yín pé pátákó ìpolówó ni ọkọ̀ yín, pé ẹ ní àyè kan láti tà, àti pé bí ẹ bá fi lọ ènìyàn tó pọ̀ tó, ẹnì kan á rà á. Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti wọ́ nìyẹn.

Jẹ́ ká jọ wò ó. Ta ló máa rí lógò yẹn? Láti 1998 ni IMechE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń ṣe Formula Student. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ẹ bá lọ sí Silverstone ní ọjọ́ ìdíje, kí ẹ wo àwọn tó wà níbẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiyín, àwọn adájọ́, olùkọ́, òbí díẹ̀, àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó wá wo ọmọ tí wọ́n lè gbà síṣẹ́. Èrò Formula One kò sí níbẹ̀. Eré tó gùn jù níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní endurance, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 22 lọ, awakọ̀ méjì ló sì ń pín in wà. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń wá ojú ènìyàn á gbé owó rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ní Birmingham, ojú tó máa rí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo á ju gbogbo ojú tó wà ní Silverstone lọ. Ẹni tó ń mójú tó ìpolówó ní ilé-iṣẹ́ mọ èyí dáadáa. Bó ṣe ka gbólóhùn yín pé “ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni yóò rí orúkọ yín” báyìí, ó ti mọ̀ pé ibòmíràn lẹ ti dà á kọ. Ó pa lẹ́tà náà rẹ́.

Àwọn kan á ní, “ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ wa bá yára gan-an, ìròyìn á gbé wa.” Ní 2023, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ AMZ láti ETH Zurich ní Switzerland wa ọkọ̀ oníná tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe, ó gbéra láti ìdúró, ó sì dé eré 100 kìlómítà ní wákàtí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 0.956. Gbogbo ayé ló gbọ́. Ṣùgbọ́n láti 2006 ni ẹgbẹ́ yẹn ti wà. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀ tuntun, tó ń bàjẹ́, tí wọ́n ń tún un ṣe, kí ìròyìn yẹn tó dé. Àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ní ọdún kejì wọn kò rí 0.956 kankan nígbà náà.

Kí wá ni wọ́n ń rà? Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ tí àwa fúnra wa ń lò. Lórí rédíò nílé, onígbọ̀wọ́ ni ilé-iṣẹ́ tó sanwó kí ètò tó wáyé. Ṣùgbọ́n kí rédíò tó dé ilẹ̀ wa la ti ní onígbọ̀wọ́. Òun ni ẹni tó bá ọ dúró níwájú olówó, tó ní, “bí kò bá san án, èmi ni kí ẹ wá mú.” Orúkọ rẹ̀ ló fi dógò. Kò sí ẹni tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹni tí kò mọ ilé rẹ̀, tí kò mọ ẹni tó bí i, tí kò sì rí ìṣe rẹ̀ rí. Mo fẹ́ kí o di ìtumọ̀ àtijọ́ yẹn mú, nítorí bí ó ṣe rí gan-an nínú ilé-iṣẹ́ lóde òní nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ kò ní ọwọ́ tó fi ń fọwọ́ sí ìwé. Ẹnì kan ni. Ẹnì kan tó ní ọ̀gá, tó máa wọ yàrá ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú ìwé yín lọ́wọ́, tó máa ní, “mo mọ àwọn ọmọ yìí, wọn ò ní dójú tì wá.” Lẹ́tà 180 yín lọ sí àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “info”. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó lè sọ gbólóhùn yẹn fún yín. Bí ẹ kọ 180 mìíràn, kò ní yàtọ̀.

Ohun tí ẹni yẹn ń rí gbà kì í ṣe lógò lára ọkọ̀. Ó ń rí àwọn ọmọ tó máa gbà síṣẹ́ lọ́dún méjì sí i, kí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tó mọ̀ wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Midlands, ẹ wo àwọn ẹgbẹ́ Formula One tó wà nítòsí yín: Mercedes wà ní Brackley, Red Bull wà ní Milton Keynes, Aston Martin wà ní ẹnu ọ̀nà Silverstone gan-an, àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń gé irin, tó ń hun carbon, ìyẹn fọ́nrán líle tó fúyẹ́, tó ń ṣe wáyà iná fún wọn sì kún àárín ìlú wọ̀nyí. Gbogbo wọn ló ń wá ọmọ tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan, tó sì ti rí i tó fọ́ lójú rẹ̀. Bí mo bá ń fọ̀rọ̀ wá ẹnì kan lẹ́nu wò fún iṣẹ́, mi ò kọ́kọ́ béèrè èsì ìdánwò rẹ̀. Mo máa ń ní kó sọ ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi, àti ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Ọmọ Formula Student máa ń ní ìtàn láti sọ.

Ọ̀rọ̀ £35,000 wá kù. Mo bẹ̀ ọ́, pa nọ́ńbà yẹn rẹ́ kúrò nínú lẹ́tà. Ó ń dẹ́rù ba ènìyàn, kò sì jẹ́ òótọ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ nílò kì í ṣe owó. Jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń yàwòrán ọkọ̀, kí ẹ tú u palẹ̀ sí nǹkan kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣe ìṣirò ń fẹ́ sọ́fíwíà: MathWorks àti Ansys ní ètò tí wọ́n fi ń fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ìdíje ní tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kàn máa béèrè ni. Upright mẹ́rin, ìyẹn àwọn irin tó di àgbá táyà mú, wákàtí díẹ̀ ni lórí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kékeré kan nígbà tí iṣẹ́ ò pọ̀ níwájú wọn. Páìpù chassis, ìyẹn egungun ọkọ̀, ẹni tó ń tà á lè ní àjẹkù tó ti wà nílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Carbon tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù rẹ̀ sí i, tí wọ́n ń pè ní prepreg, inú fìríìsà ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, ó sì ní ọjọ́ tí àkókò rẹ̀ ń pé. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, àwọn tó ń ṣe bàálù kò gbọdọ̀ lò ó mọ́, ẹrù tí wọ́n máa kó dànù ló dà lójú wọn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí mo mọ̀, irú prepreg bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìbòrí wọn. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o: ìbòrí àti apá tó ń lo afẹ́fẹ́ láti tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ni mo wí. Ẹ má fi ṣe ibi tó ń dáàbò bo ara awakọ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ bí òfin ìdíje ṣe là á sílẹ̀, tí olùkọ́ yín sì fọwọ́ sí i. Bí ènìyàn bá fara pa, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ lò ó.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ gbogbo èyí, owó tó kù ni owó gidi: owó ìforúkọsílẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹ máa háyà, epo, ìbánigbófò, oúnjẹ, àti àgọ́ tí ẹ máa sùn sí. Èyí kéré gan-an sí £35,000. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, àti àwọn tó ti wà nínú ẹgbẹ́ yín tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ báyìí lẹ máa kọ́kọ́ lọ bá nítorí rẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ àtijọ́ kò dá sí, àjèjì kì í dá sí i.

Lẹ́tà wá ńkọ́? Ojú ìwé kan. Orúkọ ènìyàn lókè, kì í ṣe “sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn”. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ béèrè nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì lẹ ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ kó dún létí rèé: “A rí i pé ẹ̀yin lẹ gé irin fún ẹgbẹ́ tó gba ipò kejì lọ́dún tó kọjá. Upright mẹ́rin la fẹ́ gé láti inú aluminiomu, àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé kejì. A ó ra aluminiomu náà fúnra wa. Wákàtí tí ẹ̀rọ yín bá dákẹ́ ní oṣù kejì la ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí àwòrán náà bá ní ibi tó máa ni yín lára láti gé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún wa, a ó yí i padà.” Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún gé irin máa ń nífẹ̀ẹ́ ọmọ tó béèrè pé ibo ni òun ti ṣì í yà. Mo ti rí ọ̀gá kan tí kò dá ẹgbẹ́ kan lóhùn fún oṣù mẹ́ta, tó wá pè wọ́n lọ́jọ́ kejì tí wọ́n fi àwòrán ránṣẹ́, nítorí ó rí ihò kan tí irin ìgéhò rẹ̀ kò lè dé, kò sì lè fara dà á kó má sọ ọ́. Òun ló gé gbogbo rẹ̀ fún wọn níkẹyìn.

Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín bí wọ́n bá gbà yín láyè. Ẹ wọ bàtà ààbò. Ẹ má gbé àwòrán àfihàn orí kọ̀ǹpútà lọ. Ẹ mú upright tó fọ́ lọ́dún tó kọjá dání.

O lè máa rò pé iṣẹ́ yìí ń gba àkókò lọ́wọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ gan-an. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú máàkì 1,000 tó wà nínú ìdíje náà, 325 wà fún ohun tí ẹ máa sọ kí táyà tó yí rárá: 150 fún bí ẹ ṣe ya ọkọ̀ náà, 100 fún ìṣirò iye tó ná yín, 75 fún ètò ìṣòwò yín. Ìwé tí ẹ bá kọ sílẹ̀ nípa ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ti wá, àti iye tí ì bá jẹ́, ni ẹ máa gbé síwájú adájọ́. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ kò di ọ̀fẹ́ nínú ìṣirò yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ iye rẹ̀. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó gbàgbé èyí tó sunkún ní Silverstone.

Mo fẹ́ sọ àṣìṣe tiwa fún ọ. Ní ọdún tí mo wà nínú ẹgbẹ́, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe wáyà iná ràn wá lọ́wọ́ gan-an, àwọn ènìyàn wọn wá bá wa ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé lẹ́ẹ̀mejì. A ṣèlérí pé orúkọ wọn á sáré ní Silverstone. Kò sáré. Kí ọkọ̀ tó lè wọ pápá, wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní: wọ́n á gbé e sórí tábìlì, wọ́n á sì dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí dé digíríì 60 láti wò ó bóyá epo ń jò. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dúró pa lẹ́ẹ̀kan náà bó bá tẹ bíréèkì. Táyà ẹ̀yìn kan kò dúró tiwa. Gbogbo alẹ́ la fi ń wá a, ilẹ̀ mọ́, àkókò ti lọ. Ìyẹn kò burú, ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ tó dáa. Èyí tó burú ni pé ojú tì wá, a ò sì sọ fún wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Nígbà tí àwọn tó gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wa lọ bá wọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìdáhùn tí wọ́n gbà kúrú. Ẹni tó bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Àwa ò dúpẹ́, àwọn àbúrò wa ló jìyà rẹ̀. Ẹ máa fi fọ́tò ránṣẹ́ lóṣooṣù, bó jẹ́ mẹ́ta péré. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, ẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ máa ṣèlérí, ipò wo lẹ máa gbà kò sí lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀, èmi kì í sì í ṣe oníṣirò owó, nítorí náà ọ́fíìsì ìṣúná yunifásítì yín ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ilé-iṣẹ́ bá fún yín lówó láìretí nǹkan kan ju ọpẹ́ lọ, ẹ̀bùn ni. Bí ẹ bá bá wọn ṣàdéhùn pé wọ́n á sanwó, ẹ̀yin á sì polówó wọn lára ọkọ̀, ó lè di ọjà tí ẹ tà, owó-orí VAT, 20 nínú ọgọ́rùn-ún, sì lè wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ béèrè kí ẹ tó kọ àdéhùn. Gbogbo owó gbọ́dọ̀ gba àkáǹtì yunifásítì kọjá, kò gbọdọ̀ wọ àkáǹtì ẹnikẹ́ni nínú yín, àní fún ọjọ́ kan. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì ní kí ẹ wá wa ọkọ̀ náà fún wọn wò ní ọgbà ìgbọ́kọ̀sí wọn, ẹ dúró ná títí yunifásítì á fi sọ pé ìbánigbófò yín dé ibẹ̀.

Méjì nínú àwọn tó kọ irú ìbéèrè yìí sí mi, ilé Nàìjíríà ni wọ́n wà. Tiwọn yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ìdíje tí wọ́n ń wá lọ ni Shell Eco-marathon, níbi tí eré kò ti jọ wọ́n lójú rárá, ọkọ̀ tó bá fi agbára tó kéré jù rìn jìnnà jù ló ń borí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNILAG ti gbé ọkọ̀ wọn Autonov lọ síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ yẹn kí ẹ tó wá báńkì tó máa fún yín ní mílíọ̀nù. Kí ẹ sì má fojú di àwọn wẹ́dà àti àwọn tó ń ta páàtì ní Ládípọ̀. Onígbọ̀wọ́ ni ọ̀gá wẹ́dà tó bá yọ̀ǹda ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún yín ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára ọkọ̀ kó tóbi tó ti ẹnikẹ́ni.

Ìwọ tó wà ní Midlands, ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, wá orúkọ gbogbo àwọn tó jáde nínú ẹgbẹ́ yín láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kí o sì kọ ibi tí kálukú wọn ti ń ṣiṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àtòkọ páàtì tí ẹ ṣì nílò, mi ò fẹ́ rí iye owó kankan níbẹ̀. Bí mo bá mọ ẹnì kan nínú wọn, èmi fúnra mi á pè é.